Agbọ̀n Òòyà Tí Ẹdun Gbé Fún Ehoro

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Àlọ́ mi já wàrà, ó bọ́ sórí agbọ̀n òòyà Ẹdun.

Onídìrí ni ìyá Ẹdun nígbà ayé rẹ̀. Òòyà onígi mọ́kànlá ló fi sílẹ̀ fún un, ọnà fínfín lára gbogbo wọn. Ọ̀kan dúdú bíi kóró iṣin. Òun ni wọ́n fi ń ya irun gbogbo ọmọ ilé wọn lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ọmọ Ẹdun sì ń lọ sílé ọkọ.

Ẹdun fẹ́ ta mẹ́wàá yòókù, kó fi ra ẹrù ìyàwó. Ehoro, ìbátan rẹ̀, gbọ́. Alágbàtà ni Ehoro, fóònù ló fi ń lu ohun àtijọ́ ní gbàǹjo lórí ayélujára: yóò ya àwòrán, àwọn ará òkè òkun yóò máa fowó lé owó, ẹni tó bá dá iye tó ga jù ló ni ín.

Ó dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní kí Ẹdun fi òòyà dúdú kún un, pé àwòrán rẹ̀ yóò fa oníbàárà. Ẹdun fẹ́ bi í pé èló ni yóò mú, iye wo ni kò gbọdọ̀ tà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé dúdú kì í ṣe títà. Ehoro ti ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àbí ẹ fẹ́ ká lọ pe lọ́yà? Ọmọ ìyá mà ni wá."

Ojú ti Ẹdun. Ní ilé wọn, ẹni tó bá ń bá ẹbí ṣàdéhùn ti pè é lólè. Ó ní, "Ohun tí o bá ti ṣe náà ló dáa."

Ehoro gbé agbọ̀n, ó di fìà.

Lọ́jọ́ gbàǹjo, ìyàwó Ehoro ló fi orúkọ mìíràn dá owó táṣẹ́rẹ́ lé dúdú, Ehoro pa gbàǹjo dé kí ẹlòmíràn tó fowó lé e, ó ní ó ti tà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n tún un tà sókè òkun ní ìlọ́po ogún.

Ẹdun gbọ́ pé òòyà dúdú ti lọ, ó wá Ehoro lọ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń kọrin:

Ehoro, òòyà ìyá mi dà?
Tẹ́rẹ́ jàǹjàn.
Ọmọ mi jókòó, irun rẹ̀ tú.
Tẹ́rẹ́ jàǹjàn.
Owó kọ́ ni mo wá gbà o.
Tẹ́rẹ́ jàǹjàn.
Fún mi lóòyà kí n máa lọ.
Tẹ́rẹ́ jàǹjàn.

Ehoro ní, "Ṣé ẹ sọ fún mi pé kí n má tà á?"

Ẹjọ́ dé iwájú Àjànàkú, adájọ́ ìlú. Ó bi Ẹdun pé kí ni wọ́n jọ sọ kí agbọ̀n tó gbéra. Ẹdun jẹ́wọ́ pé àwọn kò sọ iye kankan. Àjànàkú gba owó òòyà mọ́kọ̀ọ̀kànlá lọ́wọ́ Ehoro, ó kó o fún Ẹdun, ó lé e kúrò nídìí gbàǹjo. Ṣùgbọ́n òòyà ti sọdá òkun.

Òòyà rọ́bà ni wọ́n fi ya irun ọmọ Ẹdun lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Eyín rẹ̀ ń ṣẹ́ sí i lórí, káká, káká. Ẹdun di orí ọmọ rẹ̀ mú, kò lè wo ojú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo so àlọ́ mi rọ̀ sí. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, kí ohùn mi há.

Ẹ̀yin ọmọ, Ehoro jalè, n kò ní bò ó. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "ọmọ ìyá ni wá" dí yín lẹ́nu. Kí agbọ̀n tó kúrò nílẹ̀, ẹ sọ iye tí alágbàtà yóò mú, iye tí kò gbọdọ̀ tà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, àti èyí tó gbọ́dọ̀ padà wálé. Ẹni tí àdéhùn bá ń bí nínú, ó ti mọ ohun tó fẹ́ ṣe.