Ìka tí Ìbídùn mọ̀

Ẹni tó bá kọ́kọ́ nàka ni èmi máa ń fura sí.

Ìbídùn pé oṣù mẹ́fà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní ẹ̀kọ mímu. Bí ṣíbí bá ti kan ètè rẹ̀, á tu ẹ̀kọ dànù. Lọ́jọ́ kẹta, Wúràọlá, ìyá rẹ̀, rí epo pupa létí ẹnu ọmọ náà.

"Ẹnì kan ti ń fún ọmọ yìí lọ́bẹ̀ lá."

Àjàdí, bàbá ọmọ, nàka sí ìyá tirẹ̀ tó wá bá wọn tọ́mọ. "Màmá ni. Ọjọ́ tí wọ́n ti dé ni mo ti ń fura."

Wúràọlá wo Màmá títí. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ rẹ̀ sínú báàgì.

"Kòkòrò tó ń jobì," ló wí, "inú obì ló wà."

"Ta lẹ ń pòwe mọ́?" Àjàdí tún nàka sí i.

Ìbídùn, tí bàbá rẹ̀ gbé sọ́wọ́ kejì, fa ìka náà mọ́ra. Ó fi í sẹ́nu, ó ń lá a bí ẹni tó mọ ohun tó máa ń wà níbẹ̀.

Wúràọlá gba báàgì lọ́wọ́ Màmá.