Káfíńtà Tí Kò Mọ Òrùlé Kàn

Ọwọ́ ọ̀tún ní í wẹ tòsì, tòsì ní í wẹ tọ̀tún, ni ọwọ́ méjèèjì fi ń mọ́. Àwọn àgbà kò sọ èyí tó ń kọ́kọ́ bu omi.

Oṣù mẹ́ta ni Dúrótoyè, káfíńtà tó ń kan àga àti ibùsùn, fi pín káàdì ní ìpàdé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, kò sì sẹ́ni tó pè é. Ó ti fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa nígbà tí ìyá kan wọlé, tó ní kó wá kan òrùlé ilé òun.

Dúrótoyè ní, “Ẹ má bínú, Mà, n ò mọ òrùlé kàn. Bàbá Fárótìmí tí a jọ ń ṣe ìpàdé ló mọ̀ ọ́n.” Ó sì sin ìyá náà dé ọ̀dọ̀ bàbá náà.

Nígbà tí òrùlé parí, Bàbá Fárótìmí mú ìyá náà padà wá. “Ó ku àga àti ibùsùn. Ìwọ ni mo ní kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún.”

“Bàbá, ẹ ò tíì rí iṣẹ́ mi rí.”

“N ò rí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ń pa, tó ṣì lè sọ pé òun ò mọ iṣẹ́ kan, bó bá ní òun mọ òmíràn, kí ni n ó tún máa wádìí?”

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. “Mú téèpù rẹ ká máa lọ, ọ̀gá káfíńtà. Yàrá mẹ́fà ló ń dúró dè ọ́.”