Iṣẹ́ Ọ̀wẹ̀ Tí Ṣóyọyè Rán

Ní abúlé Agbéde, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Ṣóyọyè. Oko rẹ̀ tóbi, ọwọ́ rẹ̀ le nínú iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ le ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Kì í kí ènìyàn àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ kí i. Bí ó bá ń pe ẹnikẹ́ni, àṣẹ ni ó fi ń pè é. Ó gbà pé ẹni tí oúnjẹ kún ilé rẹ̀ kò ní ohun tí ó fẹ́ fi ẹ̀bẹ̀ ṣe.

Ẹrúbìnrin kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀, Abẹ́ní ni orúkọ rẹ̀. Ogun ni ó kó òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin dé Agbéde. Ojú ẹ̀gbọ́n náà ti fọ́, Abẹ́ní ni ó ń fà á lọ́wọ́ lọ sódò láràárọ̀. Òfin kan sì wà nínú ilé náà: ẹrú tí a bá rán níṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ yí ọ̀rọ̀ tí a fi rán an padà. Èyí tí ó bá yí i, wọn yóò tà á sí ọ̀nà jíjìn. Wọ́n ti ta ẹnìkan bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ọdún kan, ìjì ṣí òrùlé ilé Ṣóyọyè, bẹ́ẹ̀ ni òjò sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan kì í dá òrùlé bò ní ilẹ̀ wọn. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀. Onílé yóò rán oníṣẹ́ sí àwọn aládùúgbò, oníṣẹ́ náà yóò kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀, yóò kí àgbà ilé tọ́wọ̀tọ́wọ̀, kí ó tó sọ ohun tí ó bá wá. Ẹni tí ó bá ń pe ènìyàn sí iṣẹ́ ara rẹ̀ láì bẹ̀ ẹ́, kò yàtọ̀ sí olè: ó fẹ́ mú ohun tí kò tọrọ. Ní ọdún tí ó ṣáájú, Ṣóyọyè ti ránṣẹ́ pe àwọn aládùúgbò láti wá bá a kọ́ àká. Ẹni tí ó rán jẹ́ iṣẹ́ náà bí ó ti gbọ́ ọ gan-an. Ẹnikẹ́ni kò wá, òjò sì ba ìdajì àgbàdo rẹ̀ jẹ́.

Kò kọ́gbọ́n. Ó pe Abẹ́ní.

“Lọ sí Ìdí-Ìrókò. Sọ fún Ọlátẹ́jú pé kí ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá lọ́túnla, kí wọ́n wá bo ilé mi. Kí wọ́n gé koríko dání. Bí kò bá wá, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má tẹ ilẹ̀ mi mọ́. Tún un sọ kí n gbọ́.”

Abẹ́ní tún un sọ, kò fi ẹyọ kan sílẹ̀.

“Bẹ́ẹ̀ náà ni kí o sọ ọ́.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ó ń jáde lọ.

“Ẹsẹ̀ rẹ ń wọ́ nílẹ̀. Iṣẹ́ wo ni wọ́n rán ọ?”

“Iṣẹ́ tó wúwo ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Ó wúwo ju ìkòkò omi lọ ni?”

“Ìkòkò omi, bó bá fọ́, wọ́n á mọ òmíràn.”

Ẹ̀gbọ́n náà gbé igbá ẹ̀gúsí sílẹ̀. “Bí o bá dé ọ̀hún, rántí ilé tí wọ́n ti bí wa. Wọn kò bí ọ lẹ́rú.”

Ọlátẹ́jú, àgbà agboolé Ìdí-Ìrókò, jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tajú kán rí Abẹ́ní. “Èébú Ṣóyọyè ló ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ yẹn,” ni ó wí. “Ẹ fún un ní àpótí kó jókòó.” Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Abẹ́ní kúnlẹ̀. “Ẹ kú ilé o, bàbá. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá wa ní kí n kí yín, kí n kí gbogbo ilé dé orí ìkókó. Ìjì ti ṣí ilé mọ́ wọn lórí. Wọ́n ní ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wọn bẹ àwọn ọmọ yín, kí ẹ wá bá wọn bò ó lọ́túnla. Bí ẹ bá lè gé koríko dání, wọn yóò dúpẹ́. Wọ́n ní bí ẹ kò bá wá, ilẹ̀ àwọn yóò dá páropáro.”

Ẹ̀rín kú lẹ́nu àwọn ọmọ. Ọlátẹ́jú wò ó títí. “Dìde, ọmọ mi,” ni ó wí. “A ó wá.”

Ọgbọ̀n ọkùnrin ni wọ́n wá. Kí oòrùn tó yẹ̀, wọ́n ti bo ilé náà tán. Bí wọ́n ti ń jẹun ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Ọlátẹ́jú kọjú sí Ṣóyọyè.

“Ọ̀rọ̀ tí o rán sí wa wọ̀ mí lára. O ní bí a kò bá wá, ilẹ̀ rẹ yóò dá páropáro. N kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ rí.”

Ṣóyọyè yíjú sí Abẹ́ní, tí ó gbé igbá omi lọ́wọ́. “Ṣé bí mo ṣe rán ọ nìyẹn?”

Abẹ́ní kúnlẹ̀, ó gbé igbá náà sílẹ̀. “Rárá, bàbá. Ọjọ́ tí ẹ dá ni mo dá. Iṣẹ́ tí ẹ sọ ni mo sọ. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí ẹsẹ̀ wọn má tẹ ilẹ̀ yín mọ́, n kò sì lè gbé ìyẹn síwájú àgbà. Mo ti rú òfin ilé. Bí ẹ bá tà mí, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnìkan máa mú ẹ̀gbọ́n mi dé odò.”

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí koríko tuntun, kò pẹ́ tí ó fi di àrọ̀ọ̀rọ̀dá. Ṣóyọyè gbójú sókè. Ẹ̀kán kan kò jò.

“Ṣóyọyè,” ni Ọlátẹ́jú wí, “iṣẹ́ ẹrú ni o rán an, iṣẹ́ ọmọ ni ó jẹ́. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ni ká wá tà?”

Ṣóyọyè dìde, ó sì ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí i kí ó ṣe rí: ó dọ̀bálẹ̀ fún Ọlátẹ́jú. “Ẹ kú iṣẹ́,” ni ó wí. Ohùn rẹ̀ ń fà bíi ti ẹni tí ń kọ́ èdè àjèjì. “Ẹ kú àárẹ̀. Ẹ ṣeun tí ẹ wá.” Nígbà tí ó dìde, ó ní, “Abẹ́ní, láti òní lọ, ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ máa lọ. Bí ẹ bá dúró, ọmọ ilé ni yín.”

Wọ́n dúró. Láti ìgbà náà, Abẹ́ní ni gbogbo Agbéde ń bẹ̀ láti bá wọn pe ọ̀wẹ̀, àwọn àgbà sì mú ọ̀rọ̀ Ọlátẹ́jú, wọ́n sọ ọ́ di òwe fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ láti ẹnu kan dé etí kejì: bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ.