Ògiri Tó Gbé Àwẹ̀ró Dání
Akọ̀wé ìwé ìgbélùú kan lókè òkun sọ fún Abọ́sẹ̀dé, ará Ìkirè, pé òní ni ọjọ́ ìkẹyìn tí Àwẹ̀ró, ọmọ rẹ̀ oṣù mẹ́ta, lè ya fọ́tò ìwé rẹ̀. Ògiri funfun nìkan ló gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ọmọ, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ hàn, ọmọ kò sì gbọdọ̀ ké. Abọ́sẹ̀dé tú ìró funfun tó fi pọn ọmọ, ó jókòó, ó fi bo ara rẹ̀ látorí dé ẹsẹ̀, ó gbé ọmọ lé itan, ó sì dì í mú láti abẹ́ aṣọ. Ọmọ figbe ta. Abọ́sẹ̀dé sọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ: “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pè é ní Àwẹ̀ró.” Akọ̀wé pè é pẹ̀lú ahọ́n òyìnbó. Ọmọ panu mọ́, ó ranjú mọ́ ọn, kámẹ́rà sì dún. Akọ̀wé yẹ fọ́tò náà wò títí. “Ẹnikẹ́ni kò gbé e dání?” “Rárá o, ọ̀gá. Ògiri ni.” Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ó lu òǹtẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń tilẹ̀kùn ọ́fíìsì náà, Àwẹ̀ró ti sùn lọ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ògiri náà ni wọ́n fi pọ̀n ọ́n.