Ọmọ Aláró Tó Wá Ojú Ìyá Rẹ̀ Lọ Sínú Igbó

Ẹ sún mọ́ra, ẹ̀yin ará mi, kí ẹni tó jókòó lẹ́yìn lè gbọ́ ohun tí ẹni iwájú ń gbọ́, nítorí ohùn mi kò ròkè, ọ̀rọ̀ náà pàápàá kò sì fẹ́ ariwo. Ìtàn ẹni tó lọ sí igbó iwin tó sì bọ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn akọni. Kò sí ìbọn níbẹ̀, kò sí ẹran tí a pa, ẹni tó lọ kò sì mú ohun tó wá lọ bọ̀. Ọmọbìnrin ni, Ọnàwùmí ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Òkè-Èlú, ní ilé àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà. Baba rẹ̀ ti kú kí ó tó mọ baba í pè. Ìyá rẹ̀, Àmọ̀kẹ́ aláró, ló fi ìkòkò aró tọ́ ọ. Ọwọ́ Àmọ̀kẹ́ dú títí dé ìgbọ̀nwọ́ bí ojú ọ̀run tí òjò ṣú sí. Ọṣẹ kò ràn án, kànìnkànìn kò ràn án, débi pé nígbà tí Ọnàwùmí wà ní kékeré, ó rò pé bí obìnrin bá ti bímọ ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń dú.

Nígbà tó jáde nílé-ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì, ó ní ọnà ni òun fẹ́ kọ́. Àwọn ará ilé bi í pé ta ló ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ kọ́ igi gbígbẹ́ tí baba ńlá rẹ̀ ń gbẹ́ lábẹ́ igi ọsàn láìwọ bàtà. Ìyá rẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, Ọ̀gá Ṣówándé, olùkọ́ ère gbígbẹ́, kọ́ ọ pé ohun tó rí ni kí ó yà, kì í ṣe ohun tó rò pé òun mọ̀. Ó wo igbá títí ó fi rí i pé igbá kì í fi gbogbo ìgbà rí róbótó. Ó wo òjìji ewúrẹ́ lára ògiri funfun, ó sì rí i pé kì í ṣe dúdú lásán, aró wà nínú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ sọ sí i lọ́kàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín láàárín kíláàsì, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wò ó bí ẹni tí nǹkan ń ṣe.

Àkókò ìdánwò ni Àmọ̀kẹ́ kú. Ẹ mọ bí àwa ṣe ń ṣe: a kì í la irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ ọmọ tó wà ní ìdálẹ̀ lórí. Àǹtí Ìbídùn, àbúrò ìyá rẹ̀, ránṣẹ́ sí i pé ìyá rẹ̀ ń kí i, ó ní kó má wulẹ̀ wálé títí ìdánwò yóò fi parí. Òkú ti wọlẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ránṣẹ́ náà. Inú rere ni Àǹtí fi ṣe é. Inú rere náà ló sì sé ọ̀nà. Ìgbà tí Ọnàwùmí fi délé, sìmẹ́ǹtì ti gbẹ lójú oórì. Fọ́tò kan ṣoṣo tí Àmọ̀kẹ́ yà láyé rẹ̀, òjò ti wọ inú férémù rẹ̀, ojú ti bó kúrò lára ìwé. Láti ọjọ́ náà ni ojú ìyá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ kúrò lọ́kàn rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí àwọ̀ aṣọ tí kò mu aró dénú.

Ní ọdún tí wọn yóò jáde, wọ́n ní kí olúkúlùkù gbẹ́ ère kan fún àfihàn. Ọnàwùmí mú igi ìrè tí kò ga ju ọmọ ọwọ́ lọ, ó ní ìyá òun ni òun yóò gbẹ́. Ìró dé sí i, gèlè dé sí i, ọwọ́ méjèèjì dé sí i, tí ẹni tó bá rí ọwọ́ náà ń wá omi tí yóò fi fọ̀ ọ́. Ojú kò dé. Ó fi amọ̀ mọ ojú wò kí ó má ba igi jẹ́: ọ̀kan jọ Àǹtí Ìbídùn, ọ̀kan jọ ayaba inú ìwé, ọ̀kan kò jọ ẹnì kankan. Ó fọ́ gbogbo wọn. Ibi tó wà yìí ni ìyá àgbà rẹ̀, ìyá tó bí Àmọ̀kẹ́, ti ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá síbi àfihàn. Òbí kì í dé ibi oórì ọmọ, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń sin Àmọ̀kẹ́, yàrá ni wọ́n ti ìyá àgbà mọ́. Ohun tí wọ́n ní kí wọ́n sọ fún Ọnàwùmí kò ju báyìí lọ: “Mo ń bọ̀ wá wo ọmọ mi.”

Ọ̀rọ̀ yìí ló lé e wọ Igbó Ojú-Ò-Tó, tó wà lẹ́yìn kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Àwọn àgbà ilé rẹ̀ a máa sọ pé òkú tí ọmọ rẹ̀ kò rí kí ó tó lọ a máa dúró díẹ̀ nínú igbó iwin bẹ́ẹ̀. Ó gbé ère sínú àpò, ó mú ọ̀bẹ ìgbẹ́gi rẹ̀, ó sì wọlé lọ nígbà tí oòrùn òwúrọ̀ ń gun orí igi. Igbó náà dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé òkú jáde níbẹ̀. Ewé ń já láìsí afẹ́fẹ́, omi ń sun láìsí orísun, ẹyẹ ya ẹnu láìkọrin. Gbogbo igi tó kọjá ló kọ ẹ̀yìn sí i.

Níbi tí ọ̀nà ti fún pọ̀, iwin kan dìde. Ó ga bí ọ̀pẹ, láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kìkì ojú ènìyàn ni, wọ́n tò lé ara wọn bí ìpẹ́ ẹja. Ojú arúgbó ń bẹ lórí orúnkún, ojú ìkókó ń bẹ lábẹ́ apá. Elégbèje-Ojú ni wọ́n ń pè é. Ó bi í ohun tó ń wá, Ọnàwùmí sì kúnlẹ̀, ó rò ó fún un.

“Akẹ́kọ̀ọ́ ọnà,” ni iwin náà wí, àwọn ojú ara rẹ̀ sì ń yọ ṣùtì. “Ìwọ tí wọ́n kọ́ ní wíwò. Ìyá ẹ ń bẹ lára mi. Mú un. Bí o bá ṣì í mú, má padà wá tọrọ ẹ̀ẹ̀kejì, torí èmi kì í ṣe oníṣòwò.”

Ọnàwùmí wò ó. Ó wo iwájú orí, ó wo ìpéǹpéjú, ó wo ibi tí ètè ti pàdé ètè, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Lẹ́bàá ìhà iwin náà ló ti rí ojú kan tí àyà rẹ̀ fi já, ojú tó rẹ̀, tó sì dára, tó ń wò ó bí ẹni tó ti ń retí rẹ̀. Ó na ọwọ́. Ojú náà bọ́ sí i lọ́wọ́, ó gbé e wò lójú oòrùn, ojú Ọnàwùmí fúnra rẹ̀ ni. Ẹkún ọjọ́ pípẹ́ ló sọ ọ́ di àgbà tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi mọ̀ ọ́n.

“A sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ló bà,” ni Elégbèje-Ojú wí. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó yà fún un lójú ọ̀nà, bí ènìyàn ṣe ń yà fún ẹni tó ru òkú.

Ó rìn síwájú nítorí pé kò mọ ohun mìíràn tí ènìyàn í ṣe. Lẹ́bàá òkìtì ọ̀gán kan, ó bá bàbá arúgbó kan tó rọ̀ bí òwú, tó ń jẹ nǹkan lẹ́nu jẹ́jẹ́. Ìgbàgbé ni bàbá náà. Ọnàwùmí kí i, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó dá ojú ìyá òun padà.

“Ọmọ mi,” ni Ìgbàgbé wí, “ohun tí ikán bá jẹ, ṣé ó tún ń di pákó?”

“Rárá, bàbá. Ọ̀gán ló ń dà.”

“O gbọ́n. Ó dùn mí pé ọgbọ́n ò ní ṣe ọ́ láǹfààní níhìn-ín. Níbo lo ti rí ìyá rẹ kẹ́yìn?”

Ó ní nídìí ìkòkò aró ni. Ọkọ̀ ń dúró de òun, ọwọ́ ìyá òun wà nínú aró, kò lè yíjú nítorí aṣọ tó ń rì bọ inú rẹ̀. Ìyá òun ní kí òun máa lọ, pé ọdún Àjíǹde kò jìnnà mọ́.

Bàbá náà dá ẹnu dúró. “Ìyẹn ni n kò tíì jẹ,” ló wí, ó sì nawọ́ sí ọ̀nà odò.

Létí odò náà, lódìkejì, obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sórí ìkòkò, ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà, ó ń kun orin ìsìn kan lábẹ́ imú. Ọnàwùmí pe ìyá rẹ̀, ó bọ́ sínú omi. Omi náà kò jìn, ṣùgbọ́n bó ti ń gbé ẹsẹ̀ síwájú ni omi ń gbé e padà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń ti ọmọ sílé.

“Ọnà,” ni obìnrin náà wí, kò yíjú. “Ṣé o ti jẹun?”

“Mo ti jẹun, mà.”

“Irọ́ lò ń pa.”

“Màmi, ẹ yíjú. Díẹ̀ péré. Ìyá àgbà ń bọ̀, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi hàn wọ́n.”

“Ọwọ́ mi wà nínú aró, ọmọ mi. Ẹni tó bá rí ojú wa níhìn-ín kì í lè padà lọ. Má bẹ̀ mí mọ́, torí mo lè gbọ́.”

Ẹ̀yin ará mi, ó bẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ títí ohùn fi há. Èjìká obìnrin náà ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò yíjú. Nígbà tí agbára tán nínú Ọnàwùmí, ó jókòó sínú ẹrẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú, ó sì kàn ń wo ẹ̀yìn náà. Ó rí ìlà tó wà lẹ́yìn ọrùn, ibi tí òógùn máa ń gbà. Ó rí èjìká òsì tó rẹlẹ̀ ju ti ọ̀tún. Ó rí àárín ẹ̀yìn tó tẹ́ bí ẹní, ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé kí òun tó mọ orúkọ kankan láyé. Kò ronú. Ó yọ ère, ó yọ ọ̀bẹ, ó sì ń gbẹ́ bí omijé ti ń kán sórí igi. Ìkùukùu wá láti orí odò, ó bo ìkòkò, ó bo obìnrin náà, orin náà sì dákẹ́ láìparí. Kò mọ bó ṣe jáde nínú igbó.

Nígbà tó gbé ère náà fún Ọ̀gá Ṣówándé, iwájú rẹ̀ ṣì rí gbàgùdù bí igi tí a kò fọwọ́ kàn. Olùkọ́ náà ní ojú kò sí. Ọnàwùmí ní òun kò rí i, sà. Ọ̀gá Ṣówándé yí ère padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ́. Ó gbé e sórí tábìlì àfihàn, ó dojú rẹ̀ kọ ògiri.

Ọjọ́ pé, Àǹtí Ìbídùn fa ìyá àgbà lọ́wọ́ wọlé. Àǹtí ló kọ́kọ́ yí ère náà wò, ọwọ́ rẹ̀ sì bọ́ sílẹ̀. Ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́ sí Ọnàwùmí létí: “Kí la fẹ́ wí fún Màmá báyìí?” Ọnàwùmí kúnlẹ̀ níwájú ìyá àgbà, ó ń tọrọ àforíjì pé òun wá ojú náà títí, òun kò rí i.

Ìyá àgbà ti na ọwọ́ sí ère. Wọ́n fi àtàǹpàkò tọ ìlà ẹ̀yìn ọrùn, wọ́n tọ èjìká òsì sísàlẹ̀, wọ́n dúró níbẹ̀. Nígbà náà ni wọ́n tú ọ̀já orí ìró wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ bí obìnrin tó fẹ́ pọnmọ.

“Ìbídùn, gbé e lé mi.”

“Màmá, àwọn ènìyàn ń wò wá.”

“Gbé e lé mi. Nígbà tí mo ń pọ̀n ọ́n, ṣé mo ń rí ojú rẹ̀ ni?”

Àǹtí Ìbídùn gbé e lé wọn lẹ́yìn. Ìyá àgbà dè é, wọ́n mú un le, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yíká gbọ̀ngàn náà, wọ́n ń jó lẹ́sẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ. Kò sí ẹni tó lè ní kí wọ́n dúró. Àǹtí Ìbídùn bojú, ó ń sunkún tó ti gbé mì láti ọjọ́ tó ti ránṣẹ́. Ọnàwùmí tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló ń rí. Ibi tí kò gbẹ́ wà ní dídì mọ́ ara ẹni tó bí Àmọ̀kẹ́, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè wò ó.

Ibi tí mo bá a dé nìyí. Ẹ má sé ọ̀nà mọ́ ọmọ nígbà tí òbí rẹ̀ bá ń lọ. Ẹ jẹ́ kó wá, kó wá sunkún tirẹ̀, ìdánwò mìíràn ń bọ̀. Ẹ̀yin tí òbí yín sì wà, ọmọ tí a gbé pọ̀n kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn: bí wọ́n bá yíjú sí yín lónìí, ẹ wò wọ́n dáadáa. Bí ọwọ́ wọn bá sì dí, ẹ dúró díẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn náà. Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ máa rọra lọ sílé.