Atọ́ka Tí A Kò Tẹ̀lé Dópin

Ọkùnrin kan wà tí ó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún ilé ìwòsàn kan. Iṣẹ́ ètò náà ni láti gba ìròyìn aláìsàn láti ilé ìwòsàn mìíràn, kí ó wo irú àpótí tí ó yẹ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fi í síbẹ̀. Àwọn àpótí kan gba ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Nínú àwọn mìíràn, atọ́ka nìkan ni ó wà, tí ń wí pé: lọ sí ọ̀hún, ibẹ̀ ni àyè ọ̀rọ̀ wà.

Ọkùnrin yìí kò kọ ọ̀nà títẹ̀lé atọ́ka sójú kan. Ó kọ ọ́ síbi orúkọ, ó tún un kọ síbi ọjọ́ orí, ó tún un kọ síbi oògùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọgbọ́n tirẹ̀. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ń bẹ̀rù ètò náà.

Ọ̀gá rẹ̀ obìnrin ní, "Jọ̀ọ́, kó gbogbo ẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà kan ṣoṣo."

Ó ní, "Ó ń ṣiṣẹ́, mà. Tí mo bá fọwọ́ kàn án, ó lè dàrú."

Ní ọjọ́ kan, wọ́n gbé ìyàwó rẹ̀ wọ ilé ìwòsàn náà, kò lè sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọkọ fi máa dé, nọ́ọ̀sì ti fa pẹnisílíìnì sínú abẹ́rẹ́.

Ó kígbe pé, "Ẹ dúró! Oògùn yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á lọ́jọ́sí!"

Nọ́ọ̀sì ní, "Sà, kọ̀ǹpútà ní kò sí oògùn tí ara wọn kọ̀."

Ó lọ yẹ ètò náà wò. Ìròyìn ìyàwó rẹ̀ ti dé láti ilé ìwòsàn mìíràn ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n ní àpótí oògùn tí ara kọ̀, atọ́ka tọ́ka sí atọ́ka mìíràn. Ètò rẹ̀ tẹ̀lé àkọ́kọ́, kò bá àyè ọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó sì pa dà lẹ́yìn. Àpótí ṣófo, ẹ̀rọ sì pe òfìfo ní "kò sí".

Wọ́n yí oògùn padà, ìyàwó yè. Síbẹ̀ ẹ̀rù ò jẹ́ kí ọkùnrin náà lè jókòó. Ó ń ro àwọn aláìsàn tí kò ní ọkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ó pa gbogbo ọgbọ́n kéékèèké náà rẹ́, ó fi ẹyọ kan sẹ́nu ọ̀nà: tẹ̀lé atọ́ka títí wọn yóò fi tán, bí àyè kò bá sí níbẹ̀, ṣe àyè, kí o tó fi ọ̀rọ̀ síbẹ̀.

Ìwọ tí mo ń bá sọ̀rọ̀, o mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ ti lọ́, o sì ń yẹra fún un nítorí pé o ń bẹ̀rù. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Lọ tún un ṣe. Ẹnì kan ti wà lórí ibùsùn báyìí, kò sì mọ̀ pé ọwọ́ rẹ ni ẹ̀mí òun wà.