Ohùn Ẹkún

Láti ìgbà èwe Abọ́sẹ̀dé ló ti ń ka ìkéde òkú lórí rédíò ìlú wa. Bó bá ti ní “ó dàárọ̀ o,” ẹni tí kò mọ olóògbé rí á máa nu ojú.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá rẹ̀ gbé kọ̀ǹpútà tuntun dé, ó ní kó máa kàwé sí i létí kí ẹ̀rọ náà lè kọ́ ohùn rẹ̀. Inú Abọ́sẹ̀dé dùn, ó rò pé wọ́n fẹ́ tọ́jú ohùn òun fún ìran tó ń bọ̀ ni. Ó kà á títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ.

“Ó ku ohùn ẹkún, mà,” ni ọ̀gá wí. “Ẹ ṣe é bí ẹni pé ìyá yín ló kú.”

Abọ́sẹ̀dé wò ó. “Bó bá wá mọ̀ ọ́n tán, kí ni èmi ó máa ṣe?”

“Ẹ ó lọ sinmi nílé ni, mà. Ayé ti yí.”

Abọ́sẹ̀dé dìde. “Ẹni tá a fẹ́ sun jẹ kì í fepo para jókòó sídìí iná. Mo ti fi epo para láìmọ̀. N ò ní jókòó sídìí iná. Bí ayé bá yí, gbogbo wa ló yí fún. Àga rèé, ọ̀gá. Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ kọ́ kọ̀ǹpútà yìí níṣẹ́ tiyín ná. Lọ́jọ́ tó bá mọ̀ ọ́n tán, tẹ́ ẹ kó ẹrù yín lọ sílé, ẹ ránṣẹ́ pè mí. Màá fi ohùn ẹkún kéde yín.”

Ọ̀gá wo àga náà títí. Kò jókòó.

Kọ̀ǹpútà ọ̀hún ṣì wà níbẹ̀ dòní. Kò tíì mọ ẹkún sun.